Igi Tí Kò Ru Nǹkan Kan

Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ló kọ́kọ́ wọ ọgbà ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Bódìjà, pákó ìrókò gígùn gígùn kún ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kẹrin rọ́ lọ sójú fèrèsé, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbọ́ pé wọn yóò kọ́ gbọ̀ngán tuntun fún àwọn. Fadékẹ́mi náà dìde. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dúdú kan tẹ̀ lé ọkọ̀ akẹ́rù náà wọlé. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó dé fìlà òyìnbó, ó sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ka síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀ náà.

Fadékẹ́mi mọ̀ ọ́n. Ògúnsànyà agbaṣẹ́ṣe ni.

"Kí ló ṣe ẹ́?" ni Ọlárónkẹ́ tí wọ́n jọ ń jókòó bi í.

"Kò sí nǹkan kan."

Ṣùgbọ́n ó ti di etí fèrèsé mú débi pé èékánná rẹ̀ wọ inú ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún.

Ọdún 1964 ni. Ilé tuntun ń yọ ní Bódìjà lójoojúmọ́, ní Dùgbẹ̀ wọ́n ń fa ilé gogoro kan sókè tí gbogbo ará Ìbàdàn ń lọ wò, agbaṣẹ́ṣe tó bá sì mọ ènìyàn kì í wáṣẹ́ tì. Ògúnsànyà mọ ènìyàn. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn, Bándélé, bàbá Fadékẹ́mi, bá a ṣe òrùlé ilé ìkó-kòkó-sí kan ní Ring Road. Kò sí káfíńtà tó mọ òrùlé ńlá tó Bándélé ní gbogbo àdúgbò náà. Pákó tí Ògúnsànyà kó wá tutù, ó sì kúrú, bẹ́ẹ̀ ni bóòtù tó rà láti fi so pákó pọ̀ kò tó ìdajì iye tí wọ́n nílò. Bándélé sọ fún un pé òrùlé yẹn kò ní dúró. Ògúnsànyà ní kí ó ṣe é bẹ́ẹ̀ tàbí kí ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ó ṣe é. Òrùlé náà wó pẹ̀lú rẹ̀ lórí, egungun ìbàdí rẹ̀ sì fọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, Ògúnsànyà ti sọ fún onílé pé, "Káfíńtà tí kò mọṣẹ́ ni."

Gbólóhùn yẹn rin Ìbàdàn já. Kò sí ẹni tó tún pe Bándélé fún iṣẹ́. Òun àti ìdílé rẹ̀ kó kúrò ní Ring Road tí wọ́n ń gbé lọ sí yàrá kan àti pálọ̀ ní Agbówó, níbi tí ìyá Fadékẹ́mi ti ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò, tí bàbá rẹ̀ sì ń jókòó sórí àga láti àárọ̀ di alẹ́, ọ̀pá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ògúnsànyà kò wá kí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe yìí ti wọ ọgbà wọn, Fadékẹ́mi kò ní èrò méjì mọ́. Bí olùkọ́ bá ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ojú rẹ̀ wà níta. Ó ń wo bí ọkùnrin náà ṣe ń rìn, ó ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń rí i tó dúró níwájú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, fìlà rẹ̀ lọ́wọ́, tí ẹnì kan ń na ìka sí i pé, "Agbaṣẹ́ṣe tí kò mọṣẹ́ nìyí." Ó máa ń rò ó títí, ara rẹ̀ á yá gágá.

Gbádérọ̀ ni olórí àwọn káfíńtà níbi iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ̀ Bándélé ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí ọdún Iléyá tí kì í gbé ẹran wá fún ọ̀gá rẹ̀ ní Agbówó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Fadékẹ́mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, ojú tì í díẹ̀.

"Ọmọ ọ̀gá mi," ó ní, "má bínú pé abẹ́ ọkùnrin yìí lo ti bá mi. Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ."

"Mi ò bínú sí yín, Bọ̀ọ̀dá Gbádérọ̀." Òótọ́ ni. Ògúnsànyà nìkan ni ìbínú rẹ̀ wà fún, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ dè é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó jókòó ti bàbá rẹ̀. "Bàámi, báwo ni òrùlé gbọ̀ngán ṣe ń dúró láìsí òpó láàárín?"

Bándélé gbójú sókè. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í ní ìbéèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí ó lọ mú ọparun wá, ó là á sí wẹ́wẹ́, ó sì fi òwú ìyàwó rẹ̀ so ẹ̀là mẹ́rin pọ̀ bí ojú fèrèsé.

"Tì í."

Fadékẹ́mi tì í. Ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó so ẹ̀là mẹ́ta pọ̀. "Tì í báyìí."

Ó tì í, tì í, kò yẹ̀.

"Igun mẹ́ta ni gbogbo àṣírí ẹ̀," ni Bándélé wí. "Ohun tí à ń pè ní tírọ́ọ̀sì, tí ń gbé òrùlé ńlá, kò ju igun mẹ́ta tí a so mọ́ igun mẹ́ta lọ."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó bá ọmọ rẹ̀ so odidi tírọ́ọ̀sì kan, wọ́n gbé e sórí àpótí ìjókòó méjì, wọ́n sì fi okùn so irin ìlọṣọ mọ́ ṣóńṣó òkè rẹ̀. Bándélé mú ìka Fadékẹ́mi, ó fi kan àwọn ẹ̀là náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwọn igi òkè ni ẹrù ń tẹ̀ mọ́ra wọn, wọn kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù kí wọ́n má baà kán. Ó ní igi gígùn ìsàlẹ̀ ni ẹrù ń fà lápá ọ̀tún àti òsì bí ẹni ń fa okùn.

"Bí igi ìsàlẹ̀ yìí bá já," ó ní, "ẹsẹ̀ òrùlé á là, ó parí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ring Road nìyẹn. Pákó ìsàlẹ̀ ló já."

Kò tíì sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ rí. Ìbínú tó wà nínú Fadékẹ́mi tún ràn sí i.

"Èyí tó dúró gangan yìí ńkọ́?" Ó fọwọ́ kan ẹ̀là kúkúrú kan tó so igi ìsàlẹ̀ mọ́ tòkè.

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Gé òwú ẹ̀."

Ó gé e. Ẹ̀là náà jábọ́, tírọ́ọ̀sì dúró bó ṣe wà, irin ìlọṣọ kò mì.

"Kò ru nǹkan kan," ni Bándélé wí.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi ń fi í síbẹ̀?"

Bándélé fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ìrora gbá a mú ní ìbàdí, ó sì na ọwọ́ sí àwọn ọ̀pá rẹ̀. "Jẹ́ kí n dùbúlẹ̀ ná. Bi mí lọ́la."

Fadékẹ́mi kò bi í lọ́la. Èyí tó gbọ́ ti tó fún ohun tó fẹ́ ṣe.

Nígbà tí ògiri gbọ̀ngán ga tán, àwọn káfíńtà to tírọ́ọ̀sì mẹ́fà sílẹ̀ lórí koríko. Gbádérọ̀ ń fi sípánà de nọ́ọ̀tì mọ́ ẹnu bóòtù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti dè dáadáa, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Fadékẹ́mi pé ẹnjiníà ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti yẹ gbogbo rẹ̀ wò.

"Ojú ọkùnrin yẹn mú," ó ní. "Nọ́ọ̀tì kan kò lè sọnù kó má rí i. Ó ti lé agbaṣẹ́ṣe kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rí."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Fadékẹ́mi gbé lọ sílé. Bí ẹnjiníà bá rí i pé nọ́ọ̀tì sọnù, Ògúnsànyà ni yóò lé. Òrùlé kò sì ní wó, torí igi tí kò ru nǹkan kan ni òun yóò tú. Ó yí i wò léraléra, kò rí ibi tó ti lè bàjẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, Gbádérọ̀ àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ lọ kírun, àwọn ìyókù lọ jẹun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà lórí pápá eré. Fadékẹ́mi ní inú ń run òun. Ó gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ síbi iṣẹ́, ó mú sípánà nínú àpótí Gbádérọ̀, ó sì kúnlẹ̀ ti tírọ́ọ̀sì tó wà níparí. Ó wá igi kúkúrú tó dúró gangan náà rí. Ní ìdí rẹ̀ ni pákó ìsàlẹ̀ méjì ti pàdé, tí wọ́n fi bóòtù so wọ́n pọ̀. Ó tú nọ́ọ̀tì méjì tó di igi kúkúrú náà mú, ó fi bóòtù sílẹ̀ nínú ihò wọn, ìlà ṣọ́ọ̀kì kò sì parẹ́. Nígbà tó ju nọ́ọ̀tì méjèèjì sínú àpò kaba rẹ̀, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe kọ lu ara wọn, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Wọ́n gbé àwọn tírọ́ọ̀sì náà gun orí ògiri lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kàkà kí ẹnjiníà dé, ìwé ló fi ránṣẹ́ pé ó di ọjọ́ kejì. Ògúnsànyà kò fẹ́ kí ọwọ́ dilẹ̀. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa páànù sókè.

Láti ibi tí Fadékẹ́mi jókòó sí nínú kíláàsì, ó rí wọn kedere. Wọ́n gbé púlì jáde, kẹ̀kẹ́ onírin tí wọ́n ń gba okùn kọjá lára rẹ̀ láti fa ẹrù. Ọ̀dọ́kùnrin kan gun òkè, ó ń wá ibi tí yóò fi í kọ́. Ó kọjá tírọ́ọ̀sì kìíní, ó kọjá ìkejì, ó dé ìparí. Ó so púlì náà mọ́ igi ìsàlẹ̀, ní ìdí igi kúkúrú gangan.

Fadékẹ́mi sọ fún ara rẹ̀ pé igi náà kò ru nǹkan kan. Ṣùgbọ́n irin ìlọṣọ tí bàbá rẹ̀ so, òkè ni ó wà. Wọn kò so ohunkóhun mọ́ ìsàlẹ̀ wò.

Nísàlẹ̀ ibẹ̀, Gbádérọ̀ ń de okùn mọ́ ìdì páànù.

Fadékẹ́mi dìde dúró.

"Kí lo fẹ́?" ni olùkọ́ bi í.

Gbogbo kíláàsì yíjú sí i. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Bí wọ́n bá sì mọ̀, Ògúnsànyà á bọ́. Ó ronú kan ìyẹn náà, ní ìdúró yẹn, nígbà tí okùn ń le lọ níta.

"Kò sí nǹkan kan, mà," ó ní, ó sì jókòó.

Ìró tí wọ́n gbọ́ dà bí ìgbà tí ẹ̀ka igi ńlá bá ya. Igi ìsàlẹ̀ tẹ̀ ní oríkèé rẹ̀, ó là, ìdajì tírọ́ọ̀sì náà sì wálẹ̀ pẹ̀lú páànù. Ẹnì kan ń ké níta, "Gbádérọ̀, Gbádérọ̀," kò dá a dúró.

Nígbà tí wọ́n gbé páànù kúrò lára rẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ti fọ́ níbi méjì. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ akẹ́rù lọ sílé ìwòsàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lọ́nà jíjìn, Fadékẹ́mi láàárín wọn. Ògúnsànyà lóṣòó sídìí àwókù náà, ó yẹ igi kúkúrú wò, ó sì nàró.

"Ẹ wá wò ó," ó wí fún ọ̀gá àgbà ilé-ìwé, ìyáàfin Adésànyà. "Gbádérọ̀ kò fi nọ́ọ̀tì sí i. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ nìyí, òun ló ní òun ti dè é. Káfíńtà tí kò mọṣẹ́ ni."

Gbólóhùn kan náà ni, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò yọ ọ̀kan kúrò. Ní ọ̀sán yẹn ni ó lé Gbádérọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ọkùnrin náà kò sì tíì jí lọ́wọ́ oògùn tí wọ́n fi kùn ún lóorun. Fadékẹ́mi rò pé òun ń bá Ògúnsànyà jà. Ó ti ràn án lọ́wọ́ láti ṣe fún Gbádérọ̀ ohun tí ọkùnrin náà ti ṣe fún bàbá rẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé Agbówó. Bándélé wà ní ìdúró nígbà tó wọlé, ọ̀pá méjèèjì ní abíyá, ojú rẹ̀ pọ́n. Fadékẹ́mi kò tíì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

"Irọ́ ni," ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Èmi ni mo kọ́ Gbádérọ̀. Kì í fa ṣọ́ọ̀kì síbi tí kò bá dè. Ògúnsànyà ló tú nọ́ọ̀tì yẹn. Mo máa lọ síbẹ̀ lọ́la. Lójú ẹnjiníà, lójú gbogbo ayé, mo máa pè é ní ọ̀daràn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi dákẹ́."

"Bàámi," ni Fadékẹ́mi wí.

"Mi ò dákẹ́ mọ́."

"Bàámi, òun kọ́."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì kó nọ́ọ̀tì méjèèjì sórí tábìlì. Ìyá rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Bándélé kò na ọwọ́ sí i. Ó jókòó díẹ̀díẹ̀. "Èwo lo tú?"

"Èyí tó dúró gangan. Ẹ ní kò ru nǹkan kan."

"Kò ru nǹkan kan títí wọ́n á fi so nǹkan mọ́ ìdí ẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni yóò gbé ẹrù náà lọ sókè. Nítorí ọjọ́ yẹn la ṣe ń fi í síbẹ̀. Mo ní kí o bi mí lọ́la."

"Ògúnsànyà ni mo fẹ́ kó kàn."

"Mo mọ̀." Ó bo ojú. "Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń fẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àga yìí. Ṣùgbọ́n apá Gbádérọ̀ ló ṣẹ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá àti ọmọ wọ takisí lọ sí Bódìjà. Ní ọ́fíìsì ìyáàfin Adésànyà, lójú ẹnjiníà àti Ògúnsànyà, Fadékẹ́mi sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ pé òun rí i nígbà tí wọ́n ń so púlì, òun sì jókòó. Èyí ló ṣòro jù lọ láti sọ.

Ògúnsànyà gbọ́ ọ tán, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Bándélé," ó ní. "Mo ti wí. Ìdílé awórùlé ni wọ́n."

Fadékẹ́mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún ọkùnrin náà ní ẹ̀rín yẹn. Ẹnjiníà béèrè lọ́wọ́ Bándélé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ring Road, Bándélé sì ṣàlàyé fún un nípa pákó tútù àti bóòtù tí kò tó. Ẹnjiníà kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ohun tó ti ibẹ̀ jáde, nítorí pé wọ́n ti palẹ̀ àwókù náà mọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ohun tó yẹ̀ wò ní gbọ̀ngán, ó ní ó dára. Lọ́tẹ̀ yìí Ògúnsànyà kò fi pákó tútù ṣe é.

Wọ́n lé Fadékẹ́mi kúrò nílé-ìwé náà. Wọ́n dá orúkọ rere Gbádérọ̀ padà fún un, agbaṣẹ́ṣe mìíràn sì gbà á síṣẹ́ nígbà tó yá, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò nà tán mọ́, kò sì lè gun òkè. Àwọn ẹgbẹ́ Fadékẹ́mi ṣe ìdánwò àṣekágbá wọn, òun sì jókòó sílé fún odidi ọdún kan kó tó rí ilé-ìwé mìíràn tó gbà á, ní Challenge. Gbọ̀ngán parí. Ògúnsànyà ra ọkọ̀ tuntun.

Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ọdún yẹn, Fadékẹ́mi ń ti Agbówó rìn lọ sí Baṣọ̀run, sí ilé Gbádérọ̀, ó ń pọnmi, ó ń fọṣọ, ó ń la igi ìdáná tí baálé ilé kò lè là mọ́. Gbádérọ̀ ń dáhùn ìkíni rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún un pé, "Bó o bá fẹ́ bá a jà, ò bá bá a jà lójú, kí n lè mọ ibi tí mo máa dúró sí." Lẹ́yìn ìyẹn kò tún mẹ́nu bà á. Ṣùgbọ́n Àmúdàtù, ìyàwó rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ sí i rárá. Ó máa ń gbé garawa sílẹ̀ fún un, á sì wọlé lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, kì í ṣe pé Fadékẹ́mi kò ní ìdí láti bínú. Ó ní i. Ògúnsànyà ṣe ibi, kò sì tọrọ àforíjì títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìkọ̀kọ̀ gbẹ̀san kò lè yan ẹni tí yóò kàn. Ẹni tó wà nítòsí ni yóò kàn, ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ẹni tó fi ọkàn tán wa. Bí wọ́n bá ṣe yín níbi, ẹ sọ ọ́ síta, ẹ pe ẹlẹ́rìí sí i, kódà kó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́. Bí ẹ bá sì rí ewu, ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọdún náà pé. Fadékẹ́mi ti sá aṣọ tán, ó ń nu ọwọ́ láti máa lọ sílé. Àmúdàtù jáde pẹ̀lú àwo ẹ̀bà kan, ó gbé e sórí àpótí.

"Jókòó," ó ní, láìwo ojú rẹ̀. "Jẹun kó o tó lọ."